Kàtídírà Siena Tí Bàbá Akín Ò Dé

Ìwà kan wà tí a gbé wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà, tí àwọn aṣọ́bodè ò sì gbà lọ́wọ́ wa: ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò kì í sọ ọ́. Á di ẹrù ní ìkọ̀kọ̀, á purọ́ fún ọ̀rẹ́, á purọ́ fún pásítọ̀, ìgbà tó bá lọ tó sì bọ̀ ni yóò tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n bá òun dúpẹ́. A ní nítorí ọ̀tá ni. Ọ̀tá wo ló wà ní Fairburn tí à ń gbé yìí, níbi tí aládùúgbò ò mọ orúkọ ẹni? Ẹ má bi mí.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Akín, kò mọ̀ pé wọ́n lè fi ìwà yìí ṣe òun. Ayàwòrán-ilé ni kó tó fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí. Láti ìgbà tó wà ní yunifásítì ni ọkàn rẹ̀ ti wà ní kàtídírà ìlú Siena, ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n fi òkúta mábù funfun àti dúdú kọ́ ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri rẹ̀ ló ń pa bàbá bí ọtí. Ilẹ̀ ni. Òkúta ni wọ́n fi ya àwòrán sí gbogbo ilẹ̀ ilé Ọlọ́run náà, wòlíì, ọmọ ogun, obìnrin aríran. Kí ẹsẹ̀ èrò má bàa pa á rẹ́, wọ́n máa ń bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba àkókò ni wọ́n sì ń ṣí i lọ́dún, kí òtútù tó dé.

Nígbà tí dókítà sọ fún un pé àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti jẹ ojú òsì tán, pé ó ti wà lára tọ̀tún, kò sunkún. Ó pe Akín, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Downtown.

"Akín, mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan rí. Mú mi lọ sí Siena kí n tó fọ́jú."

Akín dì mọ́ ọn. "Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀. September, after Labor Day, nígbà tí wọ́n bá ti ṣí floor yẹn. Èmi àti ẹ̀yin ni. I promise."

Bàbá ra bàtà tó rọ̀. Láràárọ̀ ló ń rìn yí àdúgbò ká kí orúnkún rẹ̀ lè mọ́ra. September dé, Akín ní wọn ò fún òun ní leave. Bàbá ní kò burú, ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ò gbọ́ pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, Gbémi, ìyàwó Akín, ní àwọn fẹ́ lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Dallas. "Ọ̀nà yẹn jìn láti drive, Daddy, orúnkún yín ò ní gbà á. Aunty Comfort á máa yọjú sí yín." Comfort, nọ́ọ̀sì kan ní ìjọ wọn, sì ń gbé ọbẹ̀ wá. Bàbá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí wọ́n fi dé. Kò fura. Ta ní í fura sí ọmọ tó bí?

Ní January, wọ́n jáde fún ìdúpẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n tún ṣe, láàárín àwọn tírélà, ni ìjọ wọn ń lò. Wọ́n gbé àga fún bàbá níwájú. Akín gba maíkì.

"Praise the Lord. We told everybody Dallas, ṣùgbọ́n Ítálì la lọ."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí nínú wọn. Àwòrán ìrìn àjò wọn yọ lára ògiri, bàbá sì yí ọrùn kí ojú ọ̀tún lè bá a. Ó rí ìlà funfun àti dúdú. Kó tó di pé Akín dárúkọ ìlú náà, bàbá ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán kejì, inú kàtídírà ni: àwọn òpó, òrùlé aláwọ̀ búlúù tó kún fún ìràwọ̀, Akín àti Gbémi ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, wọ́n ti bò ó.

"Láti kékeré ni Daddy mi ti ń sọ nípa ibẹ̀ fún mi," Akín ní. "So nígbà tí Gbémi rí ticket, mo ní ibẹ̀ la máa lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yẹ́ bàbá rẹ̀ sí. Ohun tó sì dun bàbá jù nìyẹn. Ká ní ọmọ náà gbàgbé ni, ìbá dárí jì í.

Tiwa, ọmọ Akín, rọra fara ti àga bàbá. "Grandpa, I wanted to tell you. Mummy ní kí n má sọ, pé o máa call everybody ní Ìbàdàn." Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, kì í fi ẹ̀yin pe àgbà, bàbá kì í sì í bá a jà sí i.

"Wọn ò rò ó pé kí n bá yín lọ?"

"Mummy said you won't really see it anyway. Daddy ní okay."

Bàbá yíjú kúrò lára ògiri. Inú ń bí i. Àsìkò yẹn gan-an ni pásítọ̀ gbé maíkì fún un. "Bàbá wa, ẹ̀yin ni olórí ẹbí. Ẹ gbàdúrà fún wọn."

Ó dìde.

"Olúwa, mo dúpẹ́ pé ọmọ mi lọ, ó sì bọ̀."

"Àmín."

"Jẹ́ kó pẹ́ láyé. Kó dàgbà jù mí lọ."

"Àmín." Ti Akín ló ròkè jù.

"Lọ́jọ́ tí ojú tirẹ̀ náà bá ń ṣú lọ, tó wá bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó mú òun dé ibì kan, kí ọmọ náà ṣe fún un gẹ́lẹ́ bí òun ṣe ṣe fún mi."

Ìjọ ṣe àmín, ilé mì tìtì. Akín náà ti fi gbogbo agbára ṣe é kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Gbémi nìkan ni kò la ẹnu. Bàbá dá maíkì padà fún pásítọ̀, ó sì jókòó.