Àga Keje

“Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, òdì ni mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi,” Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ wí fún ìgbìmọ̀ náà. “Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn ló ta mí lólobó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un wọ̀ dáadáa, mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, mo sì ní kó lọ lo oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n.”

Àwọn tó yí tábìlì ká rẹ́rìn-ín músẹ́. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó sì sọ ọ́ fún wọn, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Àwọn yòókù rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tún un sọ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ méje tó wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ti pé àádọ́rin ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí gómìnà. Gómìnà á mú ọ̀kan; tó bá wá di ọdún kan, àwọn ará ìlú á dìbò bóyá kí ẹni náà máa jókòó lọ tàbí kó máa relé. Agbẹjọ́rò ló pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n òfin ní kí àwọn tí kì í ṣe agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí Tíṣà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Gbàrà tí orúkọ Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ jáde láàárín àwọn tó ń wá ipò náà ni Tíṣà ti sọ fún alága pé ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ òun ni.

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́,” alága dá a lóhùn. “Ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní dìbò lórí ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ò sì ní sọ rere tàbí búburú nípa wọn.”

Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nígbà náà. Ọkùnrin yìí ló dúró bíi bàbá fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ikú mú ọkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, òfin kan náà ti di í lẹ́nu. Kì í kúkú ṣe ìtàn aṣọ nìkan. Lóṣù tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ yà kí i nílé, ó jókòó ní pálọ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà títí, ó wá ní, “Ṣé àbúrò mi ò tíì tibi iṣẹ́ dé ni?” Tíṣà rò pé àwàdà ni. Ó ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ máa dìbò. Bí wọ́n ṣe túká nírọ̀lẹ́, Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì, ó di ilé Bọ̀ọ̀dá Adájọ́.

Ìyálé rẹ̀, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Adájọ́, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú rẹ̀, kò bi í pé kí ló gbé e wá.

“Ìwọ náà ti rí i,” ó ní.

“Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ ni?”

“Mo ti ń bò ó láti èṣí. Mo ń rán wọn létí nílé, akọ̀wé wọn ń rán wọn létí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní tí wọ́n bá ti dé ilé ẹjọ́ òkè lọ́hùn-ún, wọ́n á ráyè sinmi.”

“Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi, Àǹtí?”

Ìyálé rẹ̀ yà fún un kó wọlé.

Fáìlì kan wà lórí itan Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ nínú pálọ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i. “Tíṣà wa. Ibo lẹ bọ́rọ̀ dé?”

“Mi ò lè sọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fún yín, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ tiwa ni mo bá wá.” Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ yín kúrò.”

Ó rọra gbé fáìlì náà sílẹ̀. “Ta ló rán ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ìtàn aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ sódì lónìí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni.”

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. “Baba wọn, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn nìyẹn.” Ó yíjú sí Tíṣà. “Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe?”

“Òun ló gbé mi wá. Ẹni tí ò fẹ́ràn yín ló máa dákẹ́.”

“Àwa méje la máa jókòó níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, mẹ́fà á rántí.”

“Tí mẹ́ta bá wá lọ sọ́tùn-ún, tí mẹ́ta lọ sósì ńkọ́?” Tíṣà bi í. “Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí adájọ́ ìsàlẹ̀ bá ṣì í, ti òkè á tún un ṣe. Bọ̀ọ̀dá, ta ló wà lókè ti òkè? Ẹni tẹ́ ẹ bá dá lẹ́bi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló tún máa sá lọ?”

Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ wo ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì wolẹ̀.

“Kí ni mo tún sọ?” ó bi Tíṣà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ẹ bi mí léèrè ọkọ mi. Ẹ ní ṣé kò tíì tibi iṣẹ́ dé ni.”

Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ gan-an ló kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ó fọwọ́ méjèèjì bojú.

“Bá mi mú fóònù mi wá,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀.

Ó wá nọ́ńbà akọ̀wé ìgbìmọ̀. Tíṣà dìde kó lè fún un láyè.

“Jókòó,” ó ní. “Bí mo bá jí lọ́la tí mo ní mi ò pè wọ́n láti yọ orúkọ mi, ìwọ ni ẹlẹ́rìí.”

Tíṣà jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n gbé ìpè náà lódìkejì, ohùn Bọ̀ọ̀dá Adájọ́ ò gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, bí ẹni tó fẹ́ ka ìdájọ́.