Fóòmù Tí Àgbàrá Gbé Padà Wálé

Múfú, jẹ́ n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní kí n tó gbàgbé. O mọ̀ pé òkè ni ilé mi wà, ìsàlẹ̀ ni tìrẹ. O sì mọ̀ pé àwọn akólẹ̀ ń gbowó, òjò kì í gbowó. Lójú àlá, òjò ń rọ̀, mo da pàǹtí ilé mi sínú àgbàrá bí ìṣe wa. Àfi bí àgbàrá ṣe yíjú padà, tó ń gun òkè bọ̀! Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú ilé o, àwọn èèyàn yín rèé."

Àwọn ọ̀rá omi kọ́kọ́ wọlé, wọ́n jókòó kún orí àga, wọ́n ní àwọn kì í jẹrà. Fóòmù mi àtijọ́ wọ yàrá tààrà, ó ní kí n sún. Ìyàwó mi ní, "Ẹ sún fún un, àlejò ṣáà ni." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jí sí.

N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, ṣé o ti rí fóòmù aláwọ̀ ewé kan rí?

Múfú ní, "Ṣé èyí tí áyọ́ọ̀nù jó nígun? Òun ni mo fi dí ẹnu ọ̀nà mi, kí pàǹtí ẹ̀yin ará òkè má baà wọlé."