Tẹlifíṣọ̀n Màmá Evelyn Kò Di Pàǹtírí

Purity, ìyàwó Ọládèjì, ló fi ọwọ́ di etí méjèèjì ní pálọ̀ Màmá Evelyn, ìyá ọkọ rẹ̀, ní Bẹẹrẹ.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò gbọ́ bí tẹlifíṣọ̀n yín ṣe ń han tíín ni? Bíi pé ẹ̀fọn wọ̀ mí létí."

Màmá Evelyn tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn oníròyìn nìkan ló gbọ́. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì mọ irọ́ pa. Ó ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá Ọládèjì ti kú ni Ọládèjì ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi kó ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó.

"Mọ́mì, etí yín ti ń di," Ọládèjì ní. "Tí olè bá ń jálẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Tá a bá dé ní Sátidé, a jọ ń lọ ni. Ká gbé ògbólógbòó tẹlifíṣọ̀n yìí fún àwọn tó ń ra pàǹtírí."

Inú bí màmá, ṣùgbọ́n kò gbóhùn sókè. "Bàbá rẹ ní obìnrin kì í ra tẹlifíṣọ̀n sílé ọkọ. Mo rà á, òun náà sì jókòó, ó ń wò ó. Tó bá ń han, mo máa tún un ṣe. Bẹẹrẹ yìí ni mo wà."

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó pe Clara, aránṣọ tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé. "Wá yá mi létí rẹ," ó ní. Àwọn méjèèjì fa tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, wọ́n ká aṣọ nípọn, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Clara ní ó dín díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń han. Ni wọ́n bá gbé e sínú Máruwá, ó di ọ̀dọ̀ Gàfárù, atúntẹlifíṣọ̀nṣe ní Ọjà'ba.

Gàfárù tí irun rẹ̀ ti funfun wò ó. "Ìyá, ẹ kúkú ra tuntun."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè tuntun?"

Gàfárù rẹ́rìn-ín, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Irin kan lára tiransifọ́mà rẹ̀ ló ti dẹ̀, tó ń gbọ̀n. Ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pinpin. "Ó máa dín kù, àmọ́ kò ní dákẹ́ pátápátá. Èmi gan-an ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Irú ohùn tín-ín-rín yìí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé etí wọn di."

Ní Sátidé, Ọládèjì ò bá báàgì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn.

Purity tẹ́tí. "Ó kù díẹ̀, Mọ́mì. Àmọ́ mo lè jókòó tì í báyìí."

"Ìwọ ńkọ́, Ọládèjì?"

Ọládèjì sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó dorí kodò. "Mi ò gbọ́ ọ."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Mi ò gbọ́ ọ nígbà yẹn náà. Purity ló sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́."

"Ta ni yóò wá kó ìwọ náà lọ sí Èkó kí olè má bàa jálẹ̀kùn rẹ?"

Purity ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Ọládèjì náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹrù dídì nílé náà lọ́jọ́ yẹn.