Àpótí Ìtìsẹ̀ Àwẹ̀ró

Nígbà tí Bàbá Oyèdòkun wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin lọ́sàn-án Ọjọ́rú, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro ló ya àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu. Ta ni kò tiro níbẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wò. Àwẹ̀ró gbé báàgì ẹrù dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì há àpótí pákó kékeré kan mọ́ abíyá òsì. Àpótí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ayùn ni, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lára rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí àga gíga tí wọ́n gbé fún un, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, ó sì mí kanlẹ̀.

Bàbá Súbérù tó wà lórí ibùsùn kejì kò lè mú un mọ́ra. Awakọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti wa ọkọ̀ pẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Ó mọ Bàbá Oyèdòkun dáadáa, torí ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìkìrun? Òun ló kan ilẹ̀kùn ilé Bàbá Súbérù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, nísàlẹ̀, ilà mẹ́ta kan wà tó bá ilà ojú káfíńtà náà mu gẹ́lẹ́. Bí Bàbá Oyèdòkun bá ti parí iṣẹ́ ló máa ń fá ilà náà sí i. Iṣẹ́ tí kò bá tíì parí, kì í fá a sí.

“Ọ̀gá káfíńtà,” ni Bàbá Súbérù wí, “ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, ẹ wá kó ṣọ́ọ̀bù wá. Kí ni ti àpótí?”

“Mo lá àlá kan lóru àná,” ni Bàbá Oyèdòkun dáhùn.

Àwọn tó ń kérora dákẹ́. Àwọn tó kọjú sí ògiri yíjú padà.

N ó bá a sọ ọ́ fún yín, torí bí ẹ bá ní kí bàbá yẹn sọ ọ́ fúnra rẹ̀, yóò máa dúró láàrin ọ̀rọ̀ láti máa yin igi. Oríkèé ìgbáròkó ọ̀tún rẹ̀ ló ti jẹ tán. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Dókítà wá kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kó ká ẹní kúrò nílẹ̀ kó má baà kọsẹ̀. Kó fi àgbo mímu sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó sì máa fẹ́ bàlúùnù láràárọ̀ kí àyà rẹ̀ lè lágbára. Ẹni tó bá fún káfíńtà nírú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá kan igi mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo àga tó wà nílé, ó gbé ibùsùn sókè, ó gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá sókè. Ó fi epo pa àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà dípẹtà, ó sì fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú wọn títí òun yóò fi padà dé.

Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti sún un síwájú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ìka kan ṣì kù kí ibùsùn tó ga tó. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àgbékọ́ aṣọ ti ga jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń bà á débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ abẹ, yóò wá nǹkan kan gbé sókè. Dókítà sì ti sọ fún un pé bó bá tún sún un síwájú, ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ yẹn kò sì ní gbé e dé ọdún tó ń bọ̀.

Àlá náà rèé. Nínú àlá, ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá Oyèdòkun jáde sí pálọ̀, ó rí i pé àwọn àga ti dàgbà mọ́jú. Ẹsẹ̀ wọn gùn débi pé orí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá,” ni àga tí wọ́n máa ń fún àlejò wí láti òkè. “Ẹ ní ká ga, a ti ga.”

“Ẹ ṣeun. Ṣé kò séyìí tó ń mì nínú yín?”

“Kò sí o. Iṣẹ́ yín dáa. A tiẹ̀ ń rí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Alákàrà láti ibí. Ẹ̀wà ló ń rẹ.”

“Ẹ bá mi kí i,” ni Bàbá wí, ó sì kọjá lọ sí balùwẹ̀. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló bá ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn, torí ó dín ìrìn kù.

Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ jókòó tò sórí bẹ́ńṣì, olúkúlùkù nínú aṣọ tó fi wé e. Ìfági àgbà, èyí tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, yọrí jáde.

“Oyèdòkun,” ni ìfági wí, “o fepo pa wá lára, o faṣọ wé wa. Ṣé wọ́n ní a ti kú ni?”

“Ọ̀gá, ẹ máa sinmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni wọ́n sọ fún ayùn Lásísì káfíńtà,” ni ayùn dá sí i láti igun. “Ìpẹtà ti jẹ eyín ẹ̀ tán. Ẹ̀kọ ló ń mu báyìí.”

Àánú ayùn Lásísì ṣe Bàbá. Ó ń ronú bóyá ẹ̀kọ náà gbóná ni tàbí ó tutù, nígbà tí ìgbáròkó ọ̀tún rẹ̀ yọ ara rẹ̀ jáde, tó gun orí bẹ́ńṣì, tó sì jókòó. Ó wọ agbádá kékeré, ó dé fìlà.

“Ọ̀gá mi, mo wá dágbére ni,” ni ìgbáròkó wí. “Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin rèé. Gbogbo òrùlé tẹ́ ẹ gùn, èmi ni mo gbé yín gùn ún. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì.”

Omi lé ròrò sójú Bàbá. Ó fẹ́ràn egungun yẹn. “O kú iṣẹ́,” ó ní, “o kú ìrọ́jú. Ta ni yóò gba ipò rẹ?”

“Irin kan ni. Wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó níwà.”

“Bá mi sọ fún un pé mi ò kì í gun àkàbà lọ́jọ́ Àìkú.”

“Mo ti sọ fún un,” ni ìgbáròkó wí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì lọ.

Bí Bàbá ṣe yíjú padà, ṣọ́ọ̀bù ti di pápá ilé ìwòsàn. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba káàdì léfòó lókè pápá náà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Òṣogbo. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ṣe àkàbà, ó gùn ún, kò sì dùn ún rárá, torí ìgbáròkó tí ì bá dùn ún ti fẹ̀yìn tì. Nínú ọ́fíìsì, akọ̀wé kan tó lo gíláàsì jókòó nídìí tábìlì. Ọ́fíìsì náà kò nílẹ̀, ẹsẹ̀ akọ̀wé rọ̀ dirodiro.

“Ìwọ̀n ilé yín dà?” ni akọ̀wé béèrè.

Ohun tí Bàbá ti ń dúró dè nìyẹn. Ó wú ikọ́. “Ibùsùn, ínǹṣì mẹ́rìnlélógún. Àga pálọ̀, ínǹṣì méjìlélógún. Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ogún ínǹṣì.”

“Ó dáa. Ẹsẹ̀ ta lẹ fi wọ̀n ọ́n?”

“Ẹsẹ̀ mi ni.”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, irùngbọ̀n tínrín kan hù sí i lágbọ̀n. “Ta ló máa dúró tì yín?”

“Àwẹ̀ró, ìyàwó mi.”

“Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ńkọ́?” Etí akọ̀wé ti ń gùn bọ̀ nísàlẹ̀.

“Méjì ni.”

“Mo mọ̀. Ṣé wọ́n kan ilẹ̀?”

Bàbá Oyèdòkun yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, ìwọ̀n yẹn kò sí níbẹ̀. Òun tó lè dijú ka ìwọ̀n fèrèsé gbogbo àdúgbò, kò mọ èyí. Akọ̀wé mi orí, ìwo méjì sì yọ lórí rẹ̀.

“A kì í kọ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá kan ilẹ̀ sínú ìwé,” ó ní. “Ẹ lọ wọ̀n ọ́n wá. Mèèè.” Ó ká fọ́ọ̀mù Bàbá sí méjì, ó sì jẹ ẹ́. Ó ti di òbúkọ délẹ̀délẹ̀, gíláàsì nìkan ló kù lójú rẹ̀.

Bàbá kò bínú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ebi lè máa pa á. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó dà dáadáa o, sà.” Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó gbójú sókè lójú fèrèsé, tó rí Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ń gòkè lọ. Ó jókòó gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́, báàgì ẹrù ilé ìwòsàn wà lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí bàlúùnù tó já lọ́wọ́ ọmọdé.

“Àwẹ̀ró! Níbo lò ń lọ?”

“Èmi náà ò mọ̀, Bàbá Níkẹ̀ẹ́,” ó ní, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà gbogbo. “Ilẹ̀ ni mi ò rí tẹ̀. Ọbẹ̀ yín wà nínú ìkòkò onídèérí pupa. Ẹ rántí gbé e kaná o.”

“Dúró!”

“Níbo ni kí n fẹsẹ̀ dúró sí?”

Àga tó ń sọ̀rọ̀, Bàbá gbà. Egungun tó fẹ̀yìn tì, ó gbà. Akọ̀wé tó di òbúkọ, ó kí i pé kó jẹ́ kó dà. Ṣùgbọ́n èyí, kò lè gbà á. Ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó fẹ́ fò, kò ní ìgbáròkó tí yóò fi fò. Láti oṣù mẹ́ta tó ti ń bẹ̀rù abẹ, ohun tó ń já a láyà ni pé òun lè lọ fi Àwẹ̀ró sílẹ̀. Kò ro ó rí pé Àwẹ̀ró náà lè lọ fi òun sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú òbúkọ, ó ń pe orúkọ rẹ̀, títí ó fi jí.

Oòrùn ti wọlé. Àwẹ̀ró jókòó sórí àga lẹ́bàá ibùsùn, ó ń ká aṣọ sínú báàgì. Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò kan ilẹ̀. Ó ń fì í lẹ́yìn àti níwájú, bàtà ẹsẹ̀ kan sì ti bọ́ sílẹ̀.

“Àwẹ̀ró, láti ìgbà wo lo ti ń jókòó báyìí?”

“Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbé àga sókè ni. Ó ti pọ́sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má bi mí ní tibẹ̀ yẹn.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹni tẹ́rù ń bà tí kò rí oorun sùn, ṣé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi ni kí n tún gbé kà á láyà?” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ní bẹ́ ẹ bá ti gbádùn, ẹ ó bá mi gé e kúrò.”

Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn fọn fèrè lóde. Bàbá Oyèdòkun gbé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú Àwẹ̀ró yí padà, ó sì dìde tẹ̀ lé e.

“Bàbá Níkẹ̀ẹ́, ẹ tún fẹ́ sún un síwájú. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Mo bẹ̀ yín ni.”

“Padà sórí àga yẹn, kóo má mira.”

Ó gbé téèpù jáde, ó fara ti ògiri, ó wọ̀n láti àtẹ́lẹsẹ̀ Àwẹ̀ró dé ilẹ̀. Ínǹṣì méje. Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ tú aṣọ lára ìfági àgbà. “Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ó ní, “ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni.” Ó fi àjẹkù pákó tíìkì kan àpótí náà, awakọ̀ ń fọn fèrè, Àwẹ̀ró sì ń ṣọ́nà ní ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tó parí ìṣó ìkẹyìn, ó tún fi epo pa ìfági, ó tún un wé, ó sì gbé àpótí lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

“Mú un dání,” ó ní. “Mi ò mọ bí àga wọn ṣe ga tó níbẹ̀. Ó yá, mọ́tò ń dúró.”

Bí wọ́n ṣe dé wọ́ọ̀dù nìyẹn. Nígbà tí Bàbá Oyèdòkun sọ ọ́ tán, Bàbá Súbérù na ọwọ́, ó rọra gba àpótí náà lábẹ́ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó sì dojú rẹ̀ dé.

“Ọ̀gá káfíńtà, ilà mẹ́ta dà?”

“Mi ò tíì fá a sí i. Kò tíì gba fáníṣì, etí ẹ̀ ò sì tíì dán. Iṣẹ́ tó kù sí mi lọ́wọ́ ni.”

“Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ parí ẹ̀?”

“Tí mo bá délé.”

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ìwé. Ó ní kí Bàbá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́la. Bàbá yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

“Bírò la fi ń kọ ọ́, Bàbá.”

Ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i. Kò béèrè bóyá wọ́n lè sún un síwájú. Nọ́ọ̀sì yí ojú ìwé padà. “Ta ló máa dúró tì yín?”

“Èmi ni,” ni Àwẹ̀ró dáhùn kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu. “Bàbá Súbérù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àpótí mi padà. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀.”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù ló nawọ́ sí àpótí náà lẹ́ẹ̀kan náà láti bá a dá a padà.