Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ti Lalla Tamou

Láti ìgbà tí irun orí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdelhaq ṣì dúdú títí tó fi funfun pátápátá, ìtàn ìlú ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Fez: bí wọ́n ṣe la àdúgbò, ìdí tí ògiri fi ga, ìdí tí ọ̀nà fi rí kọ́lọkọ̀lọ. Òfin àtijọ́ kan ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀nà tí kò já, gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ló jọ ni ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ilẹ̀kùn tuntun sí i láì kọ́kọ́ bi àwọn aládùúgbò, pàápàá ilẹ̀kùn tó kọjú sí ti ẹlòmíì, kí ojú àlejò má baà máa wọ àgbàlá onílé. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Káírò, ó ti sọ ọ́ ní Páríìsì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un níbi méjèèjì, ohun tí kì í gbàgbé láti mẹ́nu bà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ ìwé kan sí i. Orí tó parí ìwé náà ló dùn mọ́ ọn jù. Ó ní òfin yẹn ti kú, pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́ àfi òun nìkan. Omi lé ròrò sí i lójú bó ṣe ń kà á sétí Zhor, ìyàwó rẹ̀. Zhor ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní ó dára.

Ohun kan wà tó ń bà á lẹ́rù: pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè má wá a wá mọ́. Zhor kì í fẹ́ kí wọ́n máa gba àárín àgbàlá òun lọ síbi tí ìwé wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá pe Qaddour bíríkìlà, ó ní kó la ilẹ̀kùn sára ògiri yàrá ìwé, kí àwọn ọmọ náà lè máa ti ojú ọ̀nà wọlé. Ọ̀nà tí kò já ni tiwọn náà.

Òòlù ò tíì dún pẹ́ tí Lalla Tamou fi jáde. Opó ni, òdìkejì ló ń gbé, ó sì ti ta oògùn títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Qaddour, gbé òòlù yẹn kalẹ̀. Ta lo bi kó o tó fọ́ ògiri?"

"Ẹ bi Ọ̀jọ̀gbọ́n, Màmá. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọrí láti inú ihò náà, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Lalla. Ilẹ̀kùn kékeré lásán ni."

"Mo ti rí i. Mo tún rí àga yín àti bàtà yín láti ibi tí mo ti ń po búrẹ́dì. Ṣé àwọn ọmọ yín ò wá ní máa rí èmi náà?"

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n."

"Ojú wọn ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ lórí rédíò nígbà ààwẹ̀ pé ká máa kọ́kọ́ bi ara wa. Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi kó tó kàn yín, àmọ́ mo jókòó, mo gbọ́ ọ délẹ̀. Àṣé ẹ̀yin ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn."

Qaddour kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

Ojú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń tì í náà ni inú rẹ̀ ń dùn, tí kò sì mọ èyí tó máa mú níbẹ̀. Òfin tó ti sunkún sin nínú ìwé rèé tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń bá a jà.

"Lalla," ó ní, "ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣeun ti kí ni? Ẹ dí ihò yín."

Ó dí i. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Zhor gbé ṣúgà olórí ṣóńṣó, ẹ̀bùn ẹ̀bẹ̀ ìlú wọn, dání, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri ojú ọ̀nà náà láti bi àwọn aládùúgbò. Ilé Lalla Tamou ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn, nítorí ẹ̀rù. Ó gba ṣúgà, ó po tíì fún wọn, ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n sún ilẹ̀kùn náà sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, síbi tó jẹ́ pé ògiri nìkan ló máa kọjú sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa orí tó kẹ́yìn ìwé náà ya. Ọpẹ́ ló kọ sípò rẹ̀, ó dárúkọ gbogbo ará ọ̀nà náà, ó sì kà á sétí Zhor.

"Èyí dára," Zhor ní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gbé ẹ̀wà kalẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sídìí ìwé rẹ̀, ó gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kan níta tó ń béèrè ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé.

"Sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún," Lalla Tamou dáhùn. "Ilẹ̀kùn tí a fún un."