Ìlọ́ Mẹ́wàá Verlin Skaar

Àgídí Verlin Skaar kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá oògùn fún. Bàbá rẹ̀ ní i, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láti Norway wá sí Montana, tí kò já bọ́ sínú òkun lójú ọ̀nà. Màlúù ni Verlin ń sìn lẹ́bàá odò Musselshell, ṣùgbọ́n ìbọn ni ọkàn rẹ̀ wà. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, á da ikùn délẹ̀ ní pápá ìbọn, á máa yìn ín sí pátákó tó wà ní ẹgbẹ̀rún yáàdì, ibi tójú lásán kò ti lè rí ju nǹkan funfun bíńtín lọ.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́ lọ́dún kan, ọ̀pá ìbọn rẹ̀ gbó. Iná ẹ̀tù ti jẹ inú rẹ̀ jágajàga, òmíràn sì di dandan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀pá ìbọn í dè dáadáa ní gbogbo agbègbè náà: Twyla, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ti tú ká tipẹ́, síbẹ̀ orúkọ Skaar ṣì wà gàdàgbà lókè ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, torí ó ní òun kò ráyè àtifi ọ̀dà pa á rẹ́.

"Ìlọ́ mélòó?" Twyla bi í, kò tiẹ̀ kí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n máa ń gbẹ́ ìlà sínú ọ̀pá ìbọn, ìlà náà á sì lọ́ bí ìtàkùn, kí ọta lè máa yí bí òkòtó bó ṣe ń jáde. Òkòtó tó bá yí kíákíá a dúró ṣinṣin. Èyí tó bá yí jẹ́jẹ́ a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Bí wọ́n bá ní ìlọ́ mẹ́wàá, ọta á yí po lẹ́ẹ̀kan nínú ínǹṣì mẹ́wàá. Ìlọ́ mẹ́jọ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́wàá tó ọta kúkúrú. Ọta gígùn, tí atẹ́gùn kì í tètè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi mẹ́jọ.

"Mẹ́wàá," ni Verlin dáhùn.

"Ọta wo lo fẹ́ máa fi yìn?"

Ó yọ ọ̀kan lápò. Ọta náà gùn ṣọnṣọ bí imú àwọn ará ilé Skaar. Twyla wo ọta, ó wo Verlin.

"Mẹ́wàá ò lè gbé èyí. Mẹ́jọ ni."

"Mẹ́wàá ni bàbá mi lò."

"Bàbá ẹ náà ló máa ń feyín ṣí ìgò bíà. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó kú?"

"Má kan bàbá mi o!"

"Ọta kúkúrú ni bàbá ẹ ń yìn, Verlin!"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mẹ́jọ ni Verlin fúnra rẹ̀ ń rò bọ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́jọ ti jáde lẹ́nu Twyla báyìí, ó korò lójú ẹsẹ̀. Ká ní mẹ́wàá lobìnrin náà kọ́kọ́ pè ni, mẹ́jọ ni Verlin ì bá kú lé lórí.

"Mẹ́wàá ni mo wí. Ṣé wàá ṣe é àbí kí n gbé e lọ síbòmíì?"

"Màá ṣe é," ni Twyla sọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tó ti bá a gbé rí. Ẹ̀rù ò ba Verlin.

Nínú oṣù kẹfà, Verlin gbé ìbọn tuntun lọ sí ìdíje, ó sì gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ọta rẹ̀ ń wọ àárín pátákó bí ẹni ń wọlé bàbá rẹ̀. Àtìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ò ti gbádùn mọ́. Nígbà tí ìjọ ń jẹun ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé fọ́ọ̀kì sókè lórí páì, ó ń wàásù: "Mẹ́jọ kọ́, mẹ́wàá ni! Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kàn ń fi mẹ́jọ tàn yín ni!"

Ẹni tó fetí sílẹ̀ jù ni Pásítọ̀ Gaylord Ruud, ẹni Ọlọ́run tó máa ń gbàdúrà fún ọ̀tá rẹ̀ láti Ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́ Ẹtì, tí á wá bẹ Olúwa ní Sátidé pé kí atẹ́gùn gbé ọta wọn lọ. Pásítọ̀ fi ìbọn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, kí wọ́n de ọ̀pá ìlọ́ mẹ́wàá sí i. Ó sì ra irú ọta gígùn ti Verlin.

Ọjọ́ ìdíje oṣù kẹjọ pé. Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó yìn ín. Kò sí nǹkan. Ó tún un yìn. Kò sí nǹkan. Ìkẹta la pátákó kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí sí méjì. Ìkẹrin ló tó kan pátákó tirẹ̀. Ione Bakke, ìyá àgbà tó ń wo àmì nínú kòtò tó wà lábẹ́ àwọn pátákó lọ́hùn-ún, wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò:

"Pásítọ̀, ihò tẹ́ ẹ lu síbí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbalaja, ọta ò forí wọlé. Ṣé ọta lẹ̀ ń yìn ni àbí ṣíbí?"

Ẹ̀rín gbọn ìbọn mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Pásítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú Bíbélì, ó wá yíjú sí Verlin.

"Ṣé o ní mẹ́wàá ni?"

"Mẹ́wàá ni sà! Ó lè jẹ́ ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ tèmi? Wọn ọ̀pá ẹ níbí, kí gbogbo wa rí i!"

Verlin fi aṣọ tó há dáadáa sí orí irin tí wọ́n fi ń nu ìbọn, ó fàmì sí ara irin náà, ó rọra ń tì í wọnú. Irin ń bá ìlà inú ọ̀pá yí. Nígbà tí àmì yí po padà sókè, ó fi téèpù wọn ibi tí irin rìn dé. Ínǹṣì mẹ́jọ. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́jọ. Ó ní aṣọ ló ń purọ́, ó pààrọ̀ ẹ̀. Mẹ́jọ!

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ki ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Twyla. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi búrẹ́dì àti ẹran jẹun, ajá olójú kan sì sùn sẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Mẹ́wàá ni mo ní kó o ṣe!"

"Mo gbọ́ ọ."

"O fi mẹ́jọ sí i!"

"Orúkọ mi ló wà lára ọ̀pá yẹn. Ṣé kó o máa fọ́n ọta kiri Montana, kí wọ́n ní èmi ni mo dè é? Torí tìẹ kọ́ ni mo ṣe ṣe é."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé wàá gbà?"

"O wá jẹ́ kí n máa fọ́nnu kiri látìgbà yẹn."

"Ìyẹn ló dùn jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó o gbé fọ́ọ̀kì sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ẹ ni mo jókòó sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú sínú páì mi." Twyla rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ti Pásítọ̀ ló dùn mí. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan lè gbọ́ tìẹ. Ta ló ń gbọ́ tìẹ?"

"Ó yẹ kó o sọ fún mi, Twyla."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí.

Verlin dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, òun náà ò sì sọ ọ́ rí. Inú tó ń bí i bọ̀ kò rí ibi jókòó sí mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń kéde, ó dìde láàárín ìjọ. Etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní, "Mẹ́jọ ni. Mẹ́jọ ló wà nínú ìbọn mi látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, Pásítọ̀." Ó jókòó.

"Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́," ni Pásítọ̀ dáhùn látorí pẹpẹ. "Èmi ṣì ń rò ó."

Twyla bá Pásítọ̀ de ọ̀pá ìlọ́ mẹ́jọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Pásítọ̀ na Verlin pátápátá níṣojú gbogbo ayé. Verlin wakọ̀ lọ bá Twyla pé atẹ́gùn ló ṣe òun. Twyla ní kò sí atẹ́gùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n jà á títí kọfí tó wà níwájú wọn fi tutù, ni obìnrin náà bá dìde, ó gbé òmíràn kaná, ó sì gbé àwo oúnjẹ méjì sórí tábìlì, ọ̀kan níwájú Verlin.