Ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Báyọ̀dé ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìwé aláwòrán tó yà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń yẹ ìwé aláwòrán wò sọ pé ìlà àwòrán rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó ń kọ pátákó mẹkáníìkì. Ìyẹn kì í kúkú ṣe irọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ pátákó ní Ìkòtún kí ó tó fi búrọ́ṣì kan náà kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń ya akọni. Ti ẹsẹ̀ ló dùn ún. Akọni rẹ̀ ni Ẹ̀fúùfù, obìnrin tó ń wọ sùtánà funfun, tó ń fò lókè Ìgàndó láti yọ àwọn èèyàn nínú ewu. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹsẹ̀ obìnrin náà tóbi tó ọkọ̀ ojú omi.

Hamdalah, tó ń tẹ ìwé náà jáde ní Ẹgbẹ́dá, pè é.

"Bọ̀dá Báyọ̀dé, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín ṣá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún bú ìwé kejì báyìí, ẹlòmíì ni màá gbé ìkẹta fún o. Mo fẹ́ rí i lọ́jọ́ Ẹtì."

Báyọ̀dé ra búrọ́ṣì tín-ín-rín. Ó mú kí ìlà fẹ́lẹ́, ó sì fi bàtà gígùn bo ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù. Nígbà tó parí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó gbé e lọ fi han Ìyá Hope, alájọgbélé rẹ̀ tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, níbi tí wọ́n ti ń wọ sùtánà.

"Yéè! Bàtà? Ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà?"

"Ṣé ẹ kì í wọ̀ ọ́ ni, mà?"

"O ò ń rí wa ní gbogbo Sunday ni? Àbí ojú ọmọ Áńgílíkà kì í wo ilẹ̀? Ẹni tó bá ti gbé aṣọ yẹn wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni. Nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ lásán nínú ìwé àkọ́kọ́, mo ní ọmọ yìí mà mọ̀ wá. Àṣé o kàn ń yà á lọ ni!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Báyọ̀dé wá bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ bàtà, kó gun àpótí. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, mà."

"Ṣé kí n fò ni?"

Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kúrò lórí àpótí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kù lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìsàlẹ̀ níbi tí Báyọ̀dé wà, àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Hope gbòòrò gan-an, orí rẹ̀ sì kéré lókè lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ni ẹni tó bá ń wo ẹni tó ń fò máa ń dúró sí! Ẹsẹ̀ kọ́ ló yà sódì, orí ni. Ó ti ya orí tóbi bíi ti pátákó, kí ará títì lè rí i.

Ó tún gbogbo rẹ̀ yà. Ó fi búrọ́ṣì àtijọ́ ya ẹsẹ̀ lásán, kí ìlà nípọn níbẹ̀. Ó fi tuntun ya òkè, kí ìlà máa fẹ́lẹ́ lọ títí dé orí. Ọjọ́ Ẹtì, ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí ìwé jáde, ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ìwé wò náà tún kọ ọ́ pé: "Ẹsẹ̀ ṣì tóbi. Ṣùgbọ́n ṣe ni mò ń gbọ́rùn sókè bí mo ṣe ń kà á, bí ẹni pé ó ń fò kọjá lórí mi."

Hamdalah pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, jàre."

"O ò gbé e fún ẹlòmíì mọ́?"

"Ta ló fẹ́ bá mi ya ẹsẹ̀ yẹn?"